Kápúsù Tí Mo Dà sí Ẹsẹ̀ Lèmọ́mù

Jímọ́ọ̀, Júùnù 7, 1974

Ohun tójú mi rí lónìí, mi ò lè sọ ọ́ fún Àṣàbí ìyàwó mi. Ẹ̀rín ló máa fi mí rín. Ìwé yìí ni kí n sọ ọ́ fún, òun ò lẹ́nu.

Ìrun Àsùbáà ni. Èmi làdánì ràtíbì wa, mọ́ṣáláṣí kékeré àdúgbò wa, èmi tí mo ti ń pe ìrun ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí láti ọdún mọ́kàndínlógún, mo wà ní sáfù iwájú, lẹ́yìn Lèmọ́mù gan-an. A foríkanlẹ̀. Tí a bá sì foríkanlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni iwájú ni imú ẹni ẹ̀yìn máa ń kọjú sí. Fàtáì ló wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tó wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn, mo mọ ikọ́ àìsàn. Bí a ṣe sálámà tán, ó ní, níwájú gbogbo wọn, "Làdánì, ó jọ pé eku ti kú sábẹ́ ẹní yìí o." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Eku kọ́. Ẹsẹ̀ mi ni.

Àárín ọmọ-ìka tó kéré jù àtèyí tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó funfun, ó rọ̀, bí ẹ̀kọ tó sùn sínú omi. Ó ń bó. Ó ń yún mi — tí mo bá ń họ ọ́, ó ń dùn mọ́ mi, tí mo bá họ ọ́ tán, ó ń ta mí bí ata. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Òjò wá dé, ó di ilé ọlá fún un. Àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Sálúbàtà rọ́bà mẹ́rin péré ló wà níbi àlùwàlá wa, gbogbo ìjọ la jọ ń ki ẹsẹ̀ tútù bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, màá tún gbé ẹsẹ̀ tútù wọ bàtà, ó di Pópó Àgùdà níbi tí mo ti ń rán fìlà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Àgùdà kan. Mo máa ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara mi kí oníbàárà má gbóòórùn.

Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Àlejò. Ó dé, kò mọ ilé lọ.

Fàtáì yẹn, Ohùn Àgbò lorúkọ tèmi fún un. Ó pẹ́ tó ti ń wojú ipò mi. Tí wọ́n bá ní làdánì ń rùn, ta ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹ̀? Ọlọ́hun má jẹ́.

Sátidé, Júùnù 8

Mo lọ bá Ṣàíbù ní Apọ́ngbọ̀n, ará Ọ̀yọ́ tó máa ń gbé oògùn kiri nínú àpótí onígíláàsì. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi. Ó wo bàtà mi, ó ní kí n kí ọ̀rẹ́ mi, pé òun ti ń gbóòórùn ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kọjá afárá. Ṣìọ̀. Aláṣejù ọmọ.

Kápúsù ló kó fún mi. Ìdajì pupa, ìdajì ìyeyè, ogún, ó fi bébà ìwé ìròyìn wé e. Méjì ni kí n máa gbé mì láàárọ̀. Kí n tú ọ̀kan, kí n da lẹ́búlẹ́bú inú ẹ̀ sójú ibẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan tí kì í pa.

Mo sọ kápúsù náà ní Ológe. Ó dé fìlà pupa, ó wọ ṣòkòtò ìyeyè. Èmi aránfìlà, ó wù mí.

Àtìní, Júùnù 10

Àlùhámúdùlílàhì! Òórùn ti lọ. Ó gbẹ. Mo ní kí Àṣàbí gbóòórùn ẹsẹ̀ mi, ó ní ṣé orí mi dá ṣáṣá.

Mo ti dáwọ́ dúró. Kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún nígbà tí nǹkan kan ò ṣe mí? Mo kó ìyókù sínú agolo òwú mi. Àfipamọ́ ni.

Àlàrùbá, Júùnù 12

Mo pe Àsùbáà, ohùn mi dé etí ọ̀sà. Ohùn Àgbò ò wúkọ́ lẹ́yìn mi.

Jímọ́ọ̀, Júùnù 14

Kì í ṣe èmi nìkan! Bí Lèmọ́mù ṣe ń ṣe wáàsí lẹ́yìn Àsùbáà, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni mo ń ṣọ́, kí Ọlọ́hun forí jì mí. Àbúdù káfíńtà ń fi gìgísẹ̀ kan họ èkejì. Ẹni tó jókòó tì í náà ń họ. Mo ka mẹ́fà. Mo pè wọ́n sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fún wọn ní Ológe. Nígbà tó tán, mo tún sáré lọ bá Ṣàíbù. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti ń pè mí ní Dókítà. Fàtáì pàápàá wá! Ó dorí kodò bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu olóko. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ níwájú gbogbo wọn kí n tó fún un. Ó bọ́ ọ. Ara mi yá gágá.

Lẹ́yìn Àlàásárì, Lèmọ́mù pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó ní òun náà gbọ́ pé mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ẹsẹ̀ òsì. Ibì kan náà ni, àárín ọmọ-ìka kékeré. Ó ti là, kò tóbi. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ìyàwó òun ló rí i. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà láti ọdún mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà mọ ìrora.

Lèmọ́mù Àkàndé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi kú, òun ló mú mi sọ́dọ̀. Òun ló kọ́ mi ní Kéú, òun ló tún ní kí n lọ sílé ìwé kí n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi. Mo tú Ológe méjì, mo fi ọwọ́ ara mi dà á sójú ibẹ̀, mo fi aṣọ wé e. Mo kó mẹ́rin fún un pé kó máa gbé mì. Ó gbàdúrà fún mi, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

Àtàláátà, Júùnù 18

Àlejò ti padà. Ó tún kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá, ó ti dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ganiat ọmọ mi wá kí wa lánàá. Nọ́ọ̀sì ni, ní ọsibítù kan ní Èkó níbí. Àṣàbí ti tú àṣírí mi sí i létí kó tó jókòó. Ó ní àfi kí òun rí ẹsẹ̀ mi. Ojú mi ń wo òkè, ọmọ tí mo bí ń ya ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi sọ́tọ̀ sọ́tọ̀.

Ó ní làpálàpá ni. Ó ní àbúrò ohun tó ń hù lórí búrẹ́dì tó bá ti bu ni, ibi tútù ló fẹ́ràn. Kí n máa nu àárín ọmọ-ìka gbẹ lẹ́yìn àlùwàlá kọ̀ọ̀kan, kí n yéé wọ sálúbàtà àjọwọ̀, kí n máa fi ìpara pa á láàárọ̀ lálẹ́, kí n máa gbé oògùn oníhóró kan mì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láì fo ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Mo ní Ológe ò ju ọjọ́ méjì lọ. Ó ní ta ló ń jẹ́ Ológe. Mo pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́.

Ó bínú. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì fún ẹlòmíì, àbí?" Kápúsù kì í pa làpálàpá rárá, ó ní òórùn ló kàn lé lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gba ojú ibi tó là wọlé, àwọn ni kápúsù ń pa. Téèyàn bá sì lo díẹ̀ tó dáwọ́ dúró, àwọn tí kò kú nínú wọn, oògùn náà á mọ́ wọn lára. Ó ní bí ọmọ tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ ni, tó bá yá, ẹgba ò ní bà á lẹ́rù mọ́. Lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá wá dé, oògùn ò ní ran án.

Mo ní mi ò fún ẹnì kankan.

Kí ló dé tí mo purọ́? Ọmọ mi ni. Kò lè nà mí.

Jímọ́ọ̀, Júùnù 21

Mo ń nu ẹsẹ̀. Mo ń pa ìpara. Ó ń tán mi ní sùúrù.

Àtàláátà, Júùnù 25

Ẹsẹ̀ Lèmọ́mù wú. Ó gbóná, mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí àyà ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó ní kò dun òun púpọ̀. Ó ní òun gbé kápúsù mẹ́rin yẹn mì, ara òun yá, òun dáwọ́ dúró, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ó ṣẹ́kù.

Ó yẹ kí n ní kó lọ bá dókítà. Ó yẹ kí n sọ ohun tí Ganiat sọ. Màá ní kí ni? Pé ohun tí mo fún un kì í ṣe oògùn ẹsẹ̀? Lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ ti ń pè mí ní Dókítà? Mẹ́ta ló kù nínú agolo. Mo tú ọ̀kan sójú ibẹ̀, ó gbé méjì mì. Mo sọ fún un pé tó bá di Jímọ́ọ̀ á ti lọ sílẹ̀.

Àlàmísì, Júùnù 27

Lèmọ́mù ò jáde wá kírun Àsùbáà. Láti ìgbà tí mo ti ń pe ìrun, èyí ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo pe ìrun tán, mo dúró, mo ń wo ilẹ̀kùn.

Jímọ́ọ̀, Júùnù 28

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tí Ganiat ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Lùkúmọ̀n ọmọ rẹ̀ àtèmi la gbé e wọ táksí. Ó ń gbọ̀n. Orúkọ bàbá mi tó ti kú ló ń pè mí.

Àtìní, Júláì 1

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá Lùkúmọ̀n jókòó tì í, kò sunkún, ó kàn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti wú dé kókósẹ̀, ọyún ń jáde.

Dókítà Káyọ̀dé ni wọ́n ń pe èyí tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ibùsùn, ó ní, "Bàbá, kí lẹ ti lò sí i nílé? Àgbo? Kápúsù? Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní bá yín jà. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún mi ni màá fi mọ èyí tí màá fún yín."

Mo rí ẹnu Lèmọ́mù tó ń mì. Ó ní omi àti àdín nìkan ni òun fi ń pa á.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yíjú sí àwa tó kù, ó ní ṣé òótọ́ ni. Ìyá Lùkúmọ̀n ò mọ̀. Èmi — fáànù òkè àjà ni mo ń wò. Ó ń yí, ó ń yí.

Ibà ló jẹ́ kó gbàgbé. Ibà ni. Àbí kí ni?

Àlàrùbá, Júláì 3

Ganiat ní irú oògùn kan náà pẹ̀lú Ológe ni wọ́n fi ń tọ́jú Lèmọ́mù, nítorí ó sọ fún wọn pé òun ò tíì lo nǹkan kan. Ó ní wọ́n mú ọyún ẹsẹ̀ náà lọ gbìn. Gbìn kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí irúgbìn, wọ́n á jẹ́ kí kòkòrò náà hù, wọ́n á wá dán oríṣiríṣi oògùn wò lára ẹ̀, kí wọ́n mọ èyí tí yóò pa á. Ó tó ọjọ́ mélòó kan.

Ó tún bi mí. Ó wò mí lójú. Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun.

Jímọ́ọ̀, Júláì 5

Oògùn ò ran án. Ibà náà ò lọ. Mo ti gbàdúrà títí tẹ̀sùbáà fi já mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ tèmi ń gbẹ o. Ìpara Ganiat. Awọ tuntun ti ń bò ó. Mo wò ó, mo fẹ́ mú àlùmọ́gàjí kí n gé e sọ nù.

Sátidé, Júláì 6

Fàtáì wá bá mi ní Pópó Àgùdà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti padà, ó ní kí n bun òun ní Ológe sí i. Inú bí mi, mo gbé agolo òwú, mo sọ ọ́ lù ú. Òwú tú ká ojú títì. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tó rí wèrè. Ó ṣa òwú náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Ẹni tí mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí, òun ló ń ṣa òwú mi.

Àtìní, Júláì 8

Ọmọ-ìka kékeré ti dúdú. Èyí tó tẹ̀ lé e náà. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ojú egbò. Dúdú bí èédú.

Iná lọ ní ibi tí wọ́n ti ń gbin ọyún náà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn bàjẹ́. Wọ́n tún un gbìn. Dókítà Káyọ̀dé pe àwa ẹbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní tí kò bá sí àyípadà, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, kí ó má gba ẹ̀mí. Ìyá Lùkúmọ̀n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Dókítà tún bi wá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe ohun tó kéré jù ni, ẹ sọ fún mi." Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní àfi kí Ọlọ́hun ṣàánú.

Lẹ́yìn náà mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ti gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan nínú ilé. Mo padà.

Ta ló máa gbọ́ pé èmi ni mo ba ẹsẹ̀ Lèmọ́mù jẹ́, tí yóò tún jẹ́ kí n dúró níwájú rẹ̀ pe ènìyàn wá síbi ìrun? Wọ́n á lé mi bí ajá. Yéè, Àrẹ̀mú. Ẹsẹ̀ ẹni tó tọ́ ọ ń jẹrà, ipò lò ń rò.

Àtàláátà, Júláì 9

Mi ò lè jẹun.

Àlàrùbá, Júláì 10

Àṣàbí ká mi mọ́. Ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú agolo mi, ó rí awẹ́ Ológe kan tó ti ṣófo, fìlà pupa nìkan. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó mú un wá bá mi. Kò pariwo. Àṣàbí tí ariwo rẹ̀ ń dé ìta, kò pariwo. Ó bi mí pé ṣé mo fún Lèmọ́mù nínú ẹ̀. Mo ní Àṣàbí. Ó ní òun bi mí.

Mo sọ ọ́. Mo sunkún. Ó ti tó ọdún mélòó tí obìnrin yìí ti rí omijé mi kẹ́yìn?

Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà." Ó ní tí ilẹ̀ ọ̀la bá ṣú tí dókítà ò tíì gbọ́ lẹ́nu mi, òun fúnra òun á gba ọsibítù lọ, òun á sì gbé agolo náà dání. Ó wá bu omi fún mi kí n fi bọ́jú.

Àlàmísì, Júláì 11

Mo lọ. Mi ò dúró kí n ronú, mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Dókítà Káyọ̀dé fò dìde, ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Mi ò dìde. Mo kà á tán lórí ìkúnlẹ̀: Ṣàíbù, Ológe, iye tí mo dà sójú ibẹ̀, iye tó gbé mì, ọjọ́ tó dáwọ́ dúró, ọjọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Kò bú mi. Ó jókòó, ó mú ìwé Lèmọ́mù, ó ń ṣí i. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá ní àwọn ò lo nǹkan kan. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mo tún bi wọ́n lọ́jọ́ kẹta. Mo tún bi wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ibà fún wọn láyè díẹ̀, ojú wọn mọ́ kedere. Ẹ̀ẹ̀mẹta." Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti pa oògùn àkọ́kọ́ yẹn tì láti ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló lọ lórí rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n tún gbìn ti jáde láàárọ̀ yìí, ohun tí mo sọ gan-an ló fi hàn: kòkòrò náà ń rìn káàkiri nínú oògùn yẹn bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀. Oògùn kan péré ló kù tó lè pa á, abẹ́rẹ́ ni, wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ò lè dúró dè é mọ́.

Ojú Lèmọ́mù mọ́ kedere. Kò gbàgbé.

Mo lọ sídìí ibùsùn rẹ̀. Mo ní, Lèmọ́mù, kí ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa pé irọ́ ò dáa. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbóná. Ó ní, "Àrẹ̀mú, tí mo bá ní mo lò ó, wọ́n á bi mí pé ta ló fún mi. Wọ́n ń mú àwọn tó ń fún èèyàn loògùn láì gba ìwé àṣẹ. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí náà ò sì ní gbà fún ọ." Ó ní òun rò pé irọ́ kékeré ni, pé oògùn dókítà á borí rẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́. Ó wá ní òun ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nítorí irọ́ náà, kí èmi náà jọ̀ọ́, kí n forí jin òun, nítorí òun rí i pé ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí, òun ò sì sọ̀rọ̀.

Ó ní kí ÈMI forí jin òun. Yéè. Yéè. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé.

Sátidé, Júláì 13

Wọ́n gé e láàárọ̀ yìí. Lábẹ́ orúnkún.

Sọ́ńdè, Júláì 14

Kò tíì lajú dáadáa. Ó ń béèrè omi.

Àtàláátà, Júláì 16

Ibà náà rọlẹ̀! Ganiat ló sáré wá sọ fún wa, kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tuntun náà ń ṣiṣẹ́. Ó ní tí èyí náà bá tún wá mọ́ kòkòrò yẹn lára, kò sí òmíì tí wọ́n ní nílé. Mo forí kanlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Àgùdà, láàárín àwọn fìlà.

Jímọ́ọ̀, Júláì 19

Lẹ́yìn Àsùbáà mo ní kí wọ́n dúró. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ mi hàn wọ́n. Mo ní èyí tí Fàtáì ní eku ló kú, ẹsẹ̀ mi ni. Èyí tí mo fún yín, kì í ṣe oògùn rẹ̀. Òun ni mo dà sí ẹsẹ̀ Lèmọ́mù. Mo ní ẹni tó bá ṣì ní in nílé kó kó o wá, kí ó má jẹ ẹ́, kí ó má sì fún ọmọ. Mo ní kí wọ́n lọ bá Ganiat, á wo ẹsẹ̀ wọn.

Àbúdù káfíńtà dìde, ó tutọ́ síta, ó lọ. Àgbà kan ní ojú mi ò ní rí rere. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo sọ fún wọn pé mo ti gbé ipò làdánì sílẹ̀, kí Fàtáì máa pe ìrun.

Mo rò pé á yọ̀. Ó sún mọ́ mi níbi àlùwàlá, níbi tí mo ti ń kó sálúbàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò láti lọ dà á nù. Ó fẹnu sí mi létí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ tèmi ti là o. Ẹ̀rù ń bà mí." Mo mú un lọ bá Ganiat kí ìrun Jímọ́ọ̀ tó tó kí.

Fàtáì ló pe Àlàásárì. Mo jókòó ní sáfù ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ò burú.

Àtìní, Júláì 22

Wọ́n jẹ́ kí Lèmọ́mù jókòó lónìí. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ó bú mi pé irùngbọ̀n mi rí wúruwùru. Inú mi dùn pé ó bú mi.

Àkókò Àlàásárì tó. Ìyá Lùkúmọ̀n ní kó ṣe táyámọ́mù, Ọlọ́hun mọ̀ pé aláìsàn ni. Ó kọ̀. Ó ní omi wà, òun ṣì ní ọwọ́, òun ṣì ní ojú, òun ṣì ní ẹsẹ̀ kan, kí ni òun fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe? Ó ní kí Àrẹ̀mú wá bá òun ṣe é.

Mo bomi sínú abọ́. Mo da omi sí i lọ́wọ́, ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́jú, ó fọ apá. Ó fi omi pa orí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé itan mi. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ó fúyẹ́. Mo fi ọwọ́ mi bọ àárín ọmọ-ìka bó ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, láti orí kékeré.

Awọ funfun kan lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ya ọmọ-ìka náà sọ́tọ̀. Ó rọ̀. Ó ti là, kò tóbi. Mo gbójú sókè, Lèmọ́mù ń wò mí. Ó rí ojú mi. Ó rọra fa ẹsẹ̀, ó ní kí n má dá àwọn nọ́ọ̀sì láàmú, kò dun òun. Mo di ẹsẹ̀ náà mú. Mo pariwo pe nọ́ọ̀sì. Mo tún pariwo. Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí wa. Ìyá Lùkúmọ̀n ní kí ló dé, kí n rọra, ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi sáré dé, mo sì sọ fún un níṣojú gbogbo wọn pé ẹsẹ̀ tó kù yìí náà ti là, ọwọ́ mi ló kàn án.